Ọkọ Tí Kò Ní Àléébù

Mo rántí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ káàdì fún mi, tí orúkọ mi ń dán lójú rẹ̀ bí orúkọ ìyàwó lórí ìwé ìpè. Ilé iṣẹ́ kan tó ń fọ́ òkúta lẹ́bàá Iléṣà ló gbà mí, wọ́n sì fi mí sí Òṣogbo kí n máa bá àwọn aṣòfin ṣe wọléwọ̀de. Bí ọnárébù kan bá ń sọmọ lórúkọ, mo ti débẹ̀ kí wọ́n tó to àga. Bí bàbá òmíràn bá wà ní ọsibítù, èmi ni mo ń gbé èso lọ. Àwọn àgbà ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ẹnu ni a ń bọ́, ojú ni a ń dúró dè. Mo gbà pé ọgbọ́n orí mi ni wọ́n rí tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Mo gbọ́n púpọ̀ nígbà náà.

Ìyá mi n'Íléṣà yẹ káàdì náà wò, wọ́n ní kí n ṣàlàyé ohun tí mo ń ṣe gan-an. Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Uṣẹ́ alárinà ni wọ́n fún ọ. Uṣẹ́ mi lo gbà."

Òótọ́ ni. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa, ìyá mi ni alárinà tí àwọn òbí ń wá kiri. Ìdí ni pé wọn kì í mú ọkùnrin wá fún ọmọbìnrin láì sọ àléébù rẹ̀. Ó níwà, ó níṣẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń yan odì. Ó lawọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni yóò máa pàṣẹ nílé yín. Bí ọmọbìnrin bá gbọ́ tó sì gbà, nígbà náà ni wọ́n tó ń pe ọkùnrin wọlé. Lójú tèmi, wọ́n ń ba ọjà ara wọn jẹ́ ni.

Lọ́dún yẹn, àbádòfin kan dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ́ àpáta nítòsí ilé àti ilé ìwé mọ́. Ẹ̀tù tí a fi ń fọ́ àpáta ti la ògiri àwọn ará abúlé kan, àwọn mìíràn ti sá kúrò ní yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àbádòfin náà wò jẹ́ opó kan tó ń gbé ní Òkè-Fíà, ọnárébù tí kì í gba nǹkan. Mo gbé ìrẹsì Kérésì lọ fún wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e fún àwọn tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìgbà náà ni ọ̀gá mi pè mí, ó rọra béèrè àlàáfíà ìyá mi. Ó ní ṣé n kò mọ̀ pé ìyá mi ló ṣe alárinà ìgbéyàwó ọnárébù náà? Ta ló máa wo ojú alárinà rẹ̀, tí á sọ pé òun ò gbà? Kí n ṣáà mú ìyá wá bẹ̀bẹ̀, bí mo bá ṣì fẹ́ iṣẹ́ mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí wọ́n rí lára mi. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n owó oṣù mi la fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n kàn bi mí pé kí ni àléébù ilé iṣẹ́ náà. Mo ní kò ní, pé àwọn ará abúlé ni kò mọ ògiri wọn dáadáa látilẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi níbi iṣẹ́ gẹ́lẹ́. Ìyá mi ní ó dáa, àwọn á bá mi lọ.

Ọnárébù kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọn. Nígbà tí a jókòó, ìyá mi béèrè pé, "Nígbà tí mo mú ọkọ rẹ wá, kí ni mo sọ fún ọ?"

Ọnárébù rẹ́rìn-ín. "Ẹ ní ó níwà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, pé oúnjẹ á máa tutù mọ́ wa níwájú." Wọ́n wo àwòrán olóògbé lára ògiri. "Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Ilé ti wá dákẹ́ jù báyìí."

Ìyá mi di ọwọ́ wọn mú. "Ọmọ mi ní kí n wá bẹ̀ ọ́ fún ilé iṣẹ́ àwọn. Mo bi í ní àléébù ẹni tí à ń mú bọ̀, ó ní kò ní. Èmi ò mú ọkọ tí kò ní àléébù wọlé ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn."

N kò mọ ibi tí mo lè kojú sí. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa lọ sí gáréèjì, ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí itan, wọ́n ní bí oògùn bá wọ́n, a ó máa ra ìdajì. Ẹkún gbọ̀n mí.

Àbádòfin náà di òfin. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tó dùn dá mi dúró. Mo rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìdó-Ọ̀ṣun, oògùn kò sì wọ́n wa.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo mú ọkùnrin kan lọ sílé. Mo ní kó dúró níta ná, mo wọlé bá ìyá mi. Kí wọ́n tó la ẹnu, mo ti sọ pé ó níwà, ṣùgbọ́n bí a bá rán an níṣẹ́, ó máa ń gbàgbé.

"O ti mọ uṣẹ́ náà," ni wọ́n wí. "Lọ pè é wọlé."

Ìyá mi ti sùn nínú Olúwa báyìí. Bí mo bá gbọ́ lórí rédíò tí ẹnìkan ń ka oore tí ilé iṣẹ́ kan fẹ́ ṣe fún wa, ohùn wọn ni mo máa ń gbọ́, tí wọ́n ń béèrè àléébù. Lánàá, mo rán ọkọ mi ní iyọ̀, búrẹ́dì ló gbé wálé. N kò lè bínú, ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.