Ẹ̀ṣẹ́, Ẹ̀ṣẹ̀, Ẹsẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá ti ní "dúró ná", olùkọ́ kàràté kan tí mo mọ̀ ní Gàmbàrí ni mo máa ń rántí, inú á sì tún bí mi. Ọmọbìnrin mi ń tajà l'Ọ́jà Tuntun, àwọn ìpáǹle sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní kí ọkùnrin yìí kọ́ ọ ní ìjà. Á so bẹ́líìtì rẹ̀ tó ti ṣá, á tú u, á tún un so. Bí ọmọ bá wá di ẹ̀ṣẹ́, á ní:

"Dúró ná. Ẹ̀ṣẹ́ tí kò pọn dandan, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ lò."

Mo ní, "Áfà, ṣé wáàsí ni mo mú ọmọ wá gbọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, a ò tíì dé orí ìjà ni."

"Ìgbà wo la ó débẹ̀?"

"Ọjọ́ tí ìjà ò bá wù ú mọ́."

Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ!

Lọ́jọ́ kan, ìpáǹle kan gbá ọmọ mi lọ́wọ́ mú lọ́jà. Ó yí ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo figbe ta nílé:

"O ò kàn án ní ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo?"

"Bàbá, ẹ dúró ná. Ṣebí ẹsẹ̀ mi gbé mi délé?"

Mo yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò títí, n ò rí àpá kankan. Mo pòṣé, mo wọlé lọ.