Ulamila àti Ẹja Omi Olóyè

Ní Vunidogo, abúlé kan létí òkun, bí olóyè bá kú, wọ́n á ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ létí àpáta inú òkun, wọ́n á so aṣọ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ títí ọgọ́rùn-ún òru yóò fi pé. Àwọn ẹja pàápàá mọ òfin yìí. Wọ́n á sanra, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́ wá sí etíkun, wọ́n á máa yínmú sí àwọn obìnrin.

Ulamila, aya Semesa, ló mọ àwọ̀n dà jù lọ létíkun náà. Àárọ̀ ni yóò ti wọ omi dé ìbàdí tòun tìró, kò ní jáde títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Ìró tútù yẹn náà ni yóò wà nídìí rẹ̀ tí yóò fi se ẹ̀gẹ́, òun náà ni yóò wà nídìí rẹ̀ tí yóò fi jókòó tàkúrọ̀sọ. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ọgọ́rùn-ún òru olóyè kan kò tíì pé, pásítọ̀ yà sílé wọn láìròtẹ́lẹ̀, kò sì sí ọbẹ̀. Ulamila wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ju àwọ̀n kọjá ọ̀pá olóyè. Ẹja kan ṣoṣo ló mú. Ẹja náà tóbi débi pé òkun lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tó gbé e jáde.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ojú ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó kọ́kọ́ dà bí ìfọwọ́kàn èèrà, ó wá di ti odidi agbo ìjàlọ. Ohun funfun kan tó ṣù bí wàrà tó dì ń jáde. Bó bá fẹ́ tọ̀, á kọ́kọ́ di ògiri mú.

Raijieli, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, kò jẹ́ kó sinmi.

"Ìyàwó wa, o gbọ́? Wọ́n ní ẹnìkan ti wọ omi olóyè."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣé irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ní ẹni tó sọ ọ́ ni? Àwọn tó ti lọ á bá a wí. Abẹ́ ló fi wọ omi, abẹ́ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló ń ṣe ẹ́ tí o ń fìdí hẹ bí ẹni jókòó lé ẹ̀gún?"

"Àga yìí ló le."

"Orí ẹní lo wà, Ulamila."

Ẹ̀rù wá di ìbejì. Ìyá kékeré Ulamila ni àrùn ilé ọmọ pa, ohun tó ń dà lára rẹ̀ ni gbogbo ilé sì kọ́kọ́ rí. Bí kì í bá ṣe olóyè ló fẹ́ pa á, ó ní láti jẹ́ àrùn náà. Ó gbé omi apakòkòrò tí Semesa fi ń fọ egbò, ó ń fi wẹ abẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Ó wá ń ta á bí ata. Oorun dá lójú rẹ̀, oúnjẹ di igi lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó rí i pé òun ti ń ronú aṣọ tí wọ́n máa fi sin òun, ó gun òkè lọ sí ilé ìtọ́jú.

Titilia ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ọmọ erékùṣù mìíràn, obìnrin tó síngbọnlẹ̀ bí òkè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dùbúlẹ̀. Ẹ mí sínú. Irin yìí á tutù, ẹ má bínú sí i."

Ulamila di ojú. Ó gbọ́ tí irin náà dún kẹ́rẹ́. Ó gbọ́ tí Titilia ń mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó máa ń rùn bí ẹja?"

Ulamila dìde jókòó lójijì. "Yéè! Ta ló sọ fún ẹ? Ẹja kan péré ni! Pásítọ̀ ló wá! Ẹ bá mi bẹ olóyè!"

Gbogbo rẹ̀ tú jáde: ọ̀pá, àwọ̀n, àpáta. Titilia dì í léjìká mú.

"Ta ló jẹ ẹja náà?"

"Gbogbo ilé. Semesa jẹ orí, pásítọ̀ jẹ ìrù."

"Ṣé abẹ́ ń yún pásítọ̀?"

Ulamila rọra padà dùbúlẹ̀. Titilia rẹ́rìn-ín.

"Gbogbo aláìsàn irú èyí ni mo ń bi bóyá ó ń rùn bí ẹja. Tó bá ń rùn bẹ́ẹ̀, àrùn mìíràn ni, oògùn mìíràn ni. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń hó bí ọṣẹ, màá ní kí ọkọ yín náà wá. Tiyín kò rùn, ó ṣù, ó funfun, ó ń yún: ìbátan ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú ni. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gbé, ibi tó bá móoru tó sì ní ọ̀rinrin ló ti ń pọ̀. Ìró tútù yín ló tẹ́ ẹní fún un, apakòkòrò yín sì bó ojú ibẹ̀. Mo wo ẹnu ilé ọmọ yín, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ ẹ mú ìka wá."

Ó fi abẹ́rẹ́ gún ìka náà, ó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀rọ kékeré kan, ó wò ó, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ṣúgà ti ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Òun ni ìwúkàrà yẹn ń jẹ sanra. Èyí ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe òkú."

Ó fún un ní oògùn tí yóò máa tì bọ ojú ara bó bá fẹ́ sùn, ó ní kó jìnnà sí apakòkòrò, kó sì padà wá yẹ ṣúgà wò.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìyún náà ti lọ. Ulamila gbé gbòǹgbò yaqona, tí wọ́n fi ń tọrọ àforíjì níbẹ̀, lọ sí ilé olóyè tó kú, ó kúnlẹ̀, ó sọ tẹnu rẹ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ gbà á. Láti ìgbà náà, tíì rẹ̀ kò rí ṣúgà mọ́, ó korò bí omi ewé. Bó bá sì ti jáde lómi, ẹ̀yìn igi ni yóò gbà lọ pààrọ̀ ìró.

Raijieli á máa pariwo: "Ẹ wo ayaba! Omi ò gbọdọ̀ kàn án lára!"

Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun nìkan ló wá, ó ń fìdí hẹ lórí ẹní.

"Ìyàwó wa... oògùn yẹn... ṣé ó ṣẹ́kù?"

Ulamila lọ ṣí àpótí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì, kó yẹ tiyín wò, torí ìyún ju ẹyọ kan lọ." Ó fa ìró gbígbẹ kan yọ nínú àpótí, ó nà án sí i. "Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ìró tútù yẹn. Tó bá sì bi yín léèrè ẹja, ẹ má jẹ́wọ́ nǹkan kan."