Nígbà Tí Imú Màmá Mi Lọ

Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ táwọn èèyàn ń jiyàn ní Láfẹ́nwá pé ọ̀fìnkìn lásán ni Kòrónà. Inú tún máa ń bí mi táwọn kan bá ní kò jọ ọ̀fìnkìn rárá. Ọ̀sẹ̀ kan náà ló mú èmi àti màmá mi nílé wa ní Ìgbẹ́in. Èmi sín, ó tán. Màmá mi ò sín ẹyọ kan.

Aláró ni màmá mi. Ìkòkò aró mẹ́ta ló wà lẹ́yìnkùlé wa, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé nǹkan kú síbẹ̀ ni, torí aró ń rùn. Màmá mi kì í ka ọjọ́. Á kàn bẹ̀rẹ̀, á gbé imú sórí ìkòkò, á ní "ó kù díẹ̀," tàbí "kó aṣọ wá." Imú yẹn la fi ń jẹun.

Èmi ló kọ́kọ́ mú. Imú mi dí, ọ̀fun ń dùn mí, orí ń fọ́ mi. Mo mu àgbo, mo lá ọbẹ̀ ata, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta mo ti ń bá èèyàn jà padà. Mo ní ọ̀fìnkìn ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn màmá mi lẹ́yìnkùlé.

"Ta ló da omi sínú ìkòkò mi?"

Mo ní, "Omi wo?"

"O ti da aró mi nù, o wá rọ omi kànga sí i. O rò pé mi ò ní mọ̀?"

Mo gbaná jẹ. Aró wà níbẹ̀, dúdú, ìfófòó lórí ẹ̀. "Màámi, ẹ wo inú ẹ̀. Ṣé omi lẹ rí yẹn?"

"Mi ò sọ̀rọ̀ ojú. Mo ní kò rùn."

"Ó ń rùn. Ẹni tó wà ní Ṣàpọ́n gan-an ń gbóòórùn ẹ̀."

"Ìwọ tí imú ẹ dí lo wá ń gbóòórùn, èmi tí imú mi là ò gbọ́ nǹkan kan?"

Òótọ́ ni, imú ẹ̀ là. Kò sín, kò wúkọ́. Mo sáré gbé ike irú wá láti ilé ìdáná, mo gbé e sábẹ́ imú ẹ̀. Ó fà á sínú gan-an.

"Kí lo gbé fún mi?"

"Irú ni."

Ó wo inú ike, ó wò mí, ó wá jókòó sórí àpótí.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ki igi bọ àwa méjèèjì nímú, ó ní Kòrónà ni. Mo bá a jà díẹ̀, mo ní tèmi ọ̀fìnkìn ni. Ó ní bó ṣe máa ń ṣe ẹlòmíì nìyẹn, ká lọ jókòó sílé wa. A délé, màmá mi tún lọ gbé imú sórí ìkòkò. Ó wá ní, "Ọ̀fìnkìn máa ń ti ilẹ̀kùn ni. Èyí ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ó kó ẹrù lọ. Tí kò bá dá a padà ńkọ́?"

Mi ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ rí. Alhaja tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú sì ń retí aṣọ mẹ́wàá. Nígbà tí imú mi là tán, mo ní, "Ẹ lo tèmi."

Mo bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò. Ó ní, "Ó ń rùn bíi kí ni?"

"Bí ẹja."

"Ẹja tútù àbí èyí tó ti bàjẹ́?"

"Màámi, ẹja ni ẹja."

"Ìdí nìyí tí ọbẹ̀ ẹ kì í fi í dùn."

Inú bí mi, mo ní aró ti tó. A ki aṣọ kan bọ̀ ọ́, ó jáde bí yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Màmá mi gbé e sókè wò, ó ní, "Aṣọ yìí náà ti ní Kòrónà." La bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín.

Mo pe Alhaja pé kó fún wa láyè. Ó ní, "Ṣebí ọ̀fìnkìn ni. Mo ṣe é rí, mo sì lọ sọ́jà." Mo ti la ẹnu tí màmá mi fi gba fóònù. "Ẹ má bínú, Alhaja. Ibà ti lọ lára ọmọ yìí, orí ẹ̀ ló ṣì gbóná." Alhaja rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa dúró.

Láràárọ̀ ni mò ń bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò, tí mò ń wá ọ̀rọ̀ fún òórùn ẹ̀. Ẹ̀kọ tó kan. Aṣọ tí kò gbẹ dáadáa. Lọ́jọ́ kan, òórùn ẹja lọ. Mo ní, "Ó dà bí ewé tútù tí wọ́n gún, tí ewúrẹ́ wá tọ̀ sí i."

Màmá mi dìde. "Òun nìyẹn. Kó aṣọ wá."

Aṣọ jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú wa. Alhaja kó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, àtèyí tó kọ́kọ́ ṣá tí a tún rẹ, kò sì rí àbùkù kan.

Ó ṣe bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, mò ń ro aró lọ́wọ́, òógùn bò mí, màmá mi ń kọjá lọ, ó bá dúró.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

Mo ní, "Aró ni."

"Aró kọ́. Abíyá ẹ ni."

Ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́, ìjà ni. Mo gbé apá méjèèjì sókè, mo ní, "Ẹ tún gbóòórùn ẹ̀ dáadáa." Ó gbóòórùn mi, ó gbóòórùn ìkòkò, ó tún gbóòórùn mi, ó di etí ìkòkò mú, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè nàró.

"Lọ wẹ̀," ló ń wí.

Mi ò wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.