Fóònù Àbúrò Mi Tí Mo Gbà

Èmi ni mo gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò mi obìnrin, kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí. Ó ti pẹ́ tí àìsàn ọpọlọ ti ń bá a fínra. Bó bá ti fi oògùn sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ẹni tí a kò rí. Ọ̀dọ̀ ìyá wa nítòsí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń ránṣọ. Ọ̀yọ́ ni èmi wà ní tèmi.

Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí Wọ́sáàpù, àwọn tí irú àìsàn kan náà ń ṣe. Láràárọ̀, kálukú wọn á gbé oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù kó tó gbé e mì. Bí wọn ò bá rí ti ẹnì kan, wọ́n á wá a. Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Wèrè ń ṣọ́ wèrè!” Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́ tó gbé fọ́tò oògùn náà sórí sítétọ́ọ̀sì rẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ̀ ti lè rí i, àyà mi já. Àwọn tí ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin mi ń wádìí ìdílé wa lọ́wọ́, àbúrò mi sì ń bá ìyá ọmọkùnrin náà ránṣọ, wọ́n ní nọ́ńbà ara wọn. Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ lánà pẹ̀lú. Mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo pa fọ́tò rẹ́, mo ju fóònù sínú báàgì mi. Mo ní kó fara dà á títí ìwádìí á fi parí. Kò bá mi jà. Ó kàn ń wo báàgì náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, fóònù yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ránṣẹ́ sí i: “Áńtí, a ò rí ọwọ́ yín láti ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kò sí nǹkan o?”

Mo pe ìyá wa pé kí wọ́n bá mi wò ó bóyá àbúrò mi ti lo oògùn.

“Kò sí nílé o,” ni Màmá wí. “Oògùn rẹ̀ ló wà níbí, kò fọwọ́ kàn án.”

Mo ní kí n pe àbúrò mi. Fóònù tí mo fẹ́ pè wà lọ́wọ́ mi.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo obìnrin tó ń rìn lẹ́bàá títì ni mo ń rò pé òun ni. Mo jẹ́wọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù pé èmi ni mo gba fóònù, ẹ dákun, ẹ bá mi wá a. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ọkùnrin kan nínú wọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Sábó ló rí i, láìwọ bàtà, láàárín títì.

Lórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà ni mo bá a. Bó ṣe rí mi, ó sún sẹ́yìn, ó di apá ọkùnrin náà mú. Mo na fóònù sí i. Kò gbà á.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti pẹ́ tí ohùn yẹn ti ń sọ fún mi pé ẹ máa gba nǹkan mi kí n lè kú. Ojoojúmọ́ ni mo ń bá a jiyàn, mo ní ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé.”

Ó wò mí lójú.

“Kí ni kí n wá sọ fún un báyìí?”