Páálí Ìwé Tí Mo Gbé Fáànù Lé

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì lè di okùn ṣòkòtò mi fúnra mi, tíṣà kan wọ̀ sí ilé wa ní abúlé wa nílẹ̀ Okun. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ń tì mí lójú, tí ẹ bá já lù ú, mi ò ní lè parí rẹ̀.

Tíṣà yìí kì í lọ sí Ìlọrin kó má ra ìwé Yorùbá tuntun bọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti jẹun tán, gbogbo agboolé á kó jọ sábẹ́ igi ọsàn, yóò sì máa kà á sókè fún wa. Ìyá mi kò mọ̀wé rárá, àmọ́ kò sí ẹni tó ń bá àwọn èèyàn inú ìwé náà jà tó o. Á ní, "Ẹ sọ fún un kó má gba ọ̀nà yẹn! Ṣé kò gbọ́ ni?" Bí ìtàn bá dé ibi tó gbóná, tíṣà á pa ìwé dé, á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn kan á gbé iṣu wá bẹ̀ ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó pé.

Mo dàgbà, mo ríṣẹ́ ìjọba, mo dé Abuja, mo fẹ̀yìntì, mo sì fìdí kalẹ̀ sí Kubwa. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí, ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Abuja ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ ó jókòó, ó kọ ìwé ìtàn ní èdè Yorùbá. Ẹgbẹ́ bá a ṣe ìfilọ́lẹ̀, èmi ni wọ́n fi ṣe alága. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe máa ń ṣe é: a gbàdúrà sórí ìwé, a gbé e sókè, a ya fọ́tò, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, a lọ sílé. Mo dìde, mo fi ẹnu mi yìí sọ pé láti ìgbà tí mo ti ń kàwé, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mi ò tíì ṣí ojú ewé kan. Odidi páálí kan ni mo rà, kí wọ́n lè rí i pé alága ni mí. Nígbà tí mo gbé e délé, fáànù mi kúrú, atẹ́gùn rẹ̀ kì í dé orí àga mi. Mo bá gbé fáànù lé páálí náà.

Ó pẹ́ díẹ̀, ọmọ náà wá kí mi láàárọ̀ Sátidé kan. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó jókòó. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé kejì ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mi ò wá mọ̀ bóyá kí n kọ ọ́ ní Yorùbá àbí òyìnbó. Gbogbo ẹni tí mo bi nípa ti àkọ́kọ́ kàn ń sọ pé 'Well done' ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni tó kà á. Ibo ló dùn mọ́ yín jù níbẹ̀?"

Kí n sọ pé, "Ọmọ mi, mi ò tíì kà á," ni ì bá dáa jù. Ìgbéraga ò jẹ́. Mo rántí pé gbogbo ìwé tí tíṣà kà fún wa ló ní ọba nínú, ni mo bá wúkọ́, mo ní, "Há! Ibi tí ọba yẹn ti bínú ni. Ó wọ̀ mí lára."

Ó ní, "Bàbá, kò sí ọba níbẹ̀ o. Ìtàn àwọn obìnrin tó ń ta ẹja ní ọjà Kado ní Abuja níbí ni." Ojú rẹ̀ wá lọ sí ìdí fáànù. Orúkọ rẹ̀ wà gàdàgbà lára páálí náà, téèpù tí wọ́n fi dì í ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ì bá tiẹ̀ bú mi, ara ì bá tù mí. Ó kàn ní, "Kò sí wàhálà, sà," ó mu omi díẹ̀, ó ní òun fẹ́ tètè wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ní Life Camp. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo já téèpù. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwé náà dùn! Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fi èdè Okun wa bú oníbàárà tó ń ná ẹja ní ìnákúnàá, tó bá ti bú u tán, á ní, "Kai, sànnu, pẹ̀lẹ́, padà wá jàre." Mo rẹ́rìn-ín títí. Ibi tó ti sìnkú ọmọ rẹ̀, tó sì padà sí ìsọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo sunkún.

Mo pè é lórí fóònù. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín àti ibi tí mo ti sunkún, mo ní kó jọ̀ọ́, Yorùbá ni kó fi kọ èkejì. Ó gbọ́ mi parí. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Inú mi dùn. Àmọ́ mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òyìnbó ni mo fi ń kọ ọ́."

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwọn ọmọ Abuja ló pa ìwé Yorùbá tì. Èyí kọ tirẹ̀, ó sì wọ mọ́tò wá sílé mi láti wá ẹyọ òǹkàwé kan ṣoṣo. Kò bá a nílé.