Kẹ̀kẹ́ Tó Bá Mi Mu Ní Ẹ̀pẹ́

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé. Ọkọ mi fi tọ́ọ̀ṣì sìn mí dé ẹnu géètì, ó sì tún béèrè ohun tó ti ń béèrè láti àná: "Ìyá Bùkọ́lá, ta gan-an lo fẹ́ lọ bá?"

Mo ní bàbá kan ní Ẹ̀pẹ́ tó fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ obìnrin ni.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n rí?"

Mo ní rárá. Ó mi orí, ó ní kí n má kó owó sínú báàgì. Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ ni mo ti so owó náà mọ́ etí ìró tí mo ró sábẹ́, nítorí èmi fúnra mi ò fọkàn tán ìrìn àjò yìí.

Ẹ̀yin ará ilé ní Ìṣẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi ń wá kẹ̀kẹ́ kiri. Láti ìgbà tí mo ti bá ọkọ wá sí Ìkòròdú, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní apá Ìjẹ̀dẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé àjẹsára lọ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní àwọn abúlé ẹ̀bá ọ̀sà, níbi tí ọ̀nà ti tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé mọ́tò ò lè wọ̀ ọ́. Owó ọ̀kadà lójoojúmọ́ á jẹ owó oṣù mi tán. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́, ti ọkùnrin gíga ni. Irin àárín rẹ̀ ń kan ìgbáròkó mi. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí mo ṣe ga mọ. Bí mo bá ti ń lọ, kò sí wàhálà. Ìgbà tí mo bá fẹ́ dúró ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ajá kan sáré jáde lóríta, mo tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ sì dà mí nù síwájú ọkọ̀ tó kó yanrìn. Dírẹ́bà yẹn yà wọ inú igbó, kò gbá mi, ṣùgbọ́n gbogbo ìgò àjẹsára inú kúlà mi ló fọ́. Àwọn ìyá tó ti ń dúró dè mí láti àárọ̀ gbé ọmọ wọn padà sílé. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ń sọ pé àfi kí n fi kẹ̀kẹ́ gígùn sílẹ̀.

Sùlé, tó ń ta táyà àti ṣéènì kẹ̀kẹ́ nítòsí ibùdókọ̀ Benson, ni mo bẹ̀ pé kó bá mi wá èyí tó kúrú. Ó pè mí lórí fóònù, inú ẹ̀ ń dùn.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo ti rí i o! Tòkunbọ̀ ni. Irin rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, ẹ ò ní gbé ẹsẹ̀ sókè kẹ́ ẹ tó gùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ tètè lọ, ẹ dé ibẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ẹ má sì bi bàbá yẹn ní ìbéèrè púpọ̀, wọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Iye tó dárúkọ ò tó ìdajì ohun tí wọ́n ń pe irú rẹ̀ ní Ìkòròdú. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Nígbà tó yá, bàbá náà pè mí fúnra rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ nìkan lò ń bọ̀?" Kí n tó dáhùn, ó tún bi mí. Mo sáré purọ́ fún un pé èmi àti àbúrò mi tó jẹ́ sójà la jọ ń bọ̀.

Ní Benson, mo wọ mọ́tò kékeré tó ń gba ọ̀nà Ìtòíkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Igba náírà ni wọ́n gbà. Ọkùnrin tó jókòó tì mí gbé àpò kan lé itan, ó sì ń bi mí léèrè ibi tí mò ń lọ, ẹni tí mo fẹ́ lọ rí, ohun tí mo fẹ́ lọ rà. Mo ní òkú ni mo fẹ́ lọ kí.

Kí a tó dé oríta Àgbọ̀wà, dírẹ́bà ṣàdédé yà kúrò lórí ọ̀dà, ó wọ àárín oko ẹ̀gẹ́. Ewé ń gbá fèrèsé. Mo di etí ìró mi mú.

"Dírẹ́bà, níbo lẹ̀ ń gbé wa lọ?"

"Màdáàmù, ẹ fọkàn balẹ̀. Omi ti gbé ọ̀nà lọ níwájú."

Mi ò gbà á gbọ́, àfi ìgbà tí a padà bọ́ sórí ọ̀dà, tí mo bojú wẹ̀yìn, tí mo sì rí ihò náà àti ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀. Ọkùnrin alápò sọ̀ kalẹ̀ ní oríta. Ó ní kí Ọlọ́run tu ẹbí òkú nínú. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì wo ìró mi bóyá ó ti tú.

Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, ebi ti ń pa mí. Oúnjẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ìkókórẹ́: ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n wá sè pọ̀ mọ́ ẹja, ata àti epo títí tó fi ki. Lọ́dọ̀ tiwa, bí a bá rin ewùrà, dídín la máa ń dín in. Mo dúró títí àwọn mìíràn fi jẹ nínú ìkòkò kan náà kí n tó jókòó. Ó dùn, ẹja rẹ̀ sì tutù bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú láàárọ̀ náà.

Bàbá náà ń dúró dè mí ní kọ̀rọ̀ kan nítòsí etí ọ̀sà. Bàbá Móríyámọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ga, wọ́n sì gbẹ. Kí wọ́n tó dáhùn ìkíni mi, ẹ̀yìn mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò.

"Sójà dà?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, sà."

Wọ́n mú mi gba ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ewúrẹ́, wọ́n sì ká tapólì kan kúrò. Kẹ̀kẹ́ náà rèé, aláwọ̀ ewé, irin àárín rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ débi pé mo kàn gbé ẹsẹ̀ kọjá ni. Mo dúró lórí ẹ̀, gìgísẹ̀ mi méjèèjì kanlẹ̀. Mo na ọwọ́, mo di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú láìtẹ̀ síwájú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Bí ẹni pé wọ́n wọ̀n mí kí wọ́n tó rọ ọ́.

Ṣùgbọ́n eruku wà lára rẹ̀, ṣéènì rẹ̀ sì ní epo dáadáa. Ẹnì kan fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ yìí. Ìpẹ́ ẹja sì ti gbẹ mọ́ apẹ̀rẹ̀ iwájú rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ni ín?"

"Èmi ni mo ni ín."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń gùn ún?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ṣé o fẹ́ rà á ni àbí o ò rà á?" Ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo ní mi ò ní san kọ́bọ̀ àfi bí mo bá rí ẹni tó ń gùn ún. Ni wọ́n bá tún gé owó náà kù. Ìyẹn ló lé mi dìde. Ohun tí ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fi tọrẹ báyìí, mo ní ẹrù olè ni, kò sí méjì. Mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo kọrí síta, àmọ́ ó ń dùn mí dé egungun.

Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà ni ọ̀kadà já obìnrin kan sílẹ̀. Ó kúrú bíi tèmi, ó fi igi ti ara, wọ́n sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ní báńdéèjì.

"Bàbá Móríyámọ̀, ta nìyí?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà ni mo wá wò."

"Kẹ̀kẹ́ wo?"

Ó fi igi rẹ̀ rìn kọjá lára mi lọ sẹ́yìnkùlé, ó rí tapólì nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Ẹ̀pẹ́ sọ̀rọ̀, ó yára débi pé ìdajì rẹ̀ ò yé mi, ṣùgbọ́n ìkẹyìn rẹ̀ yé mi: "Ìgbà tí mo lọ ọsibítù lẹ ráyè ta kẹ̀kẹ́ mi?"

Bàbá jókòó sórí odó tó dojú dé. Ohùn wọn ti yí padà. "Èmi ni mo gbé ọ lójú títì, Sìdí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ kún gbogbo aṣọ mi. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá jinná, wàá tún gùn ún ni. Mi ò lè tún rí irú ọjọ́ yẹn mọ́."

Wọ́n ti gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò lè lọ mọ́. Ìyá yìí ló wá sọ fún mi pé ọmọ àwọn, Móríyámọ̀, ló fi kẹ̀kẹ́ náà ránṣẹ́ láti òkè òkun, pé ìyẹn lòun fi ń lọ ra ẹja ní etí omi, títí ọ̀kadà kan fi gbá òun.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Gùn ún, kí n rí i."

Mo gùn ún lọ dé etí omi, mo sì yí padà. Nígbà tí mo dúró, ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ṣé bí mo ṣe máa ń rí lórí ẹ̀ nìyẹn?"

Bàbá ní, "Ìwọ yára jù ú lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wá bi mí ohun tí mo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe, mo sì sọ ti àjẹsára àti ti ìgò tó fọ́. Ó ronú títí, ó ní, "Mi ò tà á. Ṣùgbọ́n gbé e lọ, máa fi ṣiṣẹ́. Bí ẹsẹ̀ mi bá ti le, màá pè ọ́, wàá gbé e wá."

Bàbá fò dìde. "Ẹni tí a ò mọ̀ rí! Ó ní sójà ń bọ̀ lẹ́yìn òun, sójà ò sì dé títí di báyìí!"

Mo jẹ́wọ́ pé kò sí sójà kankan, àti pé mo ti fẹ́ máa lọ nígbà tí mi ò rí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́. Ìyá Móríyámọ̀ tún rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òun náà ò fọkàn tán yín. Ó rí ohun tó bá a mu, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ nítorí pé kò rí ẹni tó ni ín. Èmi fọkàn tán ẹni bẹ́ẹ̀." Mo tú etí ìró mi, ó kọ owó náà. Nọ́ńbà fóònù mi nìkan ló gbà.

Orí bọ́ọ̀sì ni wọ́n so kẹ̀kẹ́ mọ́ nígbà tí mò ń bọ̀. Ní gbogbo ibi tí a ti dúró ni mo ti ń yọ orí lójú fèrèsé, mò ń ṣọ́ okùn. Láti Benson, mo gùn ún dé ilé kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ̀yin obìnrin ilé wa tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, ẹ má wo àwọ̀, ẹ má wo táyà. Ẹ kọ́kọ́ dúró lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé gìgísẹ̀ yín kanlẹ̀. Ẹ na ọwọ́, kẹ́ ẹ rí i pé ẹ ò tẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má béèrè, ẹ tún béèrè.

Ọkọ mi yí kẹ̀kẹ́ náà po. "Èló ni?"

"Mi ò rà á. Wọ́n fi sí mi lọ́wọ́ ni."

"Ẹni tí o ò mọ̀ rí ló gbé irú èyí fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́?" Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń wá àmì olè nídìí ìjókòó. Ọ̀rọ̀ mi ò wọ̀ ọ́ létí. Ni mo bá pe Ìyá Móríyámọ̀, mo gbé fóònù fún un. Ó kí wọn, ó ń dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà," ó sì dá fóònù padà fún mi.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní bí mo bá tà á lẹ́yìn rẹ, àwọn á tiro wá láti Ẹ̀pẹ́ wá bá mi."

Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà dìde, ó nu eruku ìjókòó rẹ̀, ó sì gbé e wọ pálọ̀ fúnra rẹ̀.