Nọ́ọ̀tì Tí N Kì Í Dè

Nígbà tí mo wọlé ọkọ, alùpùpù méjì péré ló wà ní Ìwó: ti ajíhìnrere kan, àti ti ọkọ mi. Òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló tà á fún un. Èkùrọ́ lọkọ mi ń rà kiri fún àwọn oníṣòwò òyìnbó, láti Olúpọ̀nnà dé Ilé-Ogbó, dé Kuta. Bó bá jáde lọ́jọ́ Ajé, ó di Ọjọ́bọ̀ kí n tó tún fojú kàn án.

Mo kórìíra ẹ̀rọ náà. Orogún mi ni mo ń pè é, torí òun ló ń bá ọkọ mi ròde. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ó dáa, wá máa tọ́jú orogún ẹ. Bí o ò bá tọ́jú ẹ̀, kò ní í gbé mi padà wá bá ẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Kò sí ẹni tó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe nítòsí wa nígbà náà. Ẹni tó ni ín ló ń tún un ṣe. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú púlọ́ọ̀gì, ohun kékeré tó ń ṣáná fún ẹ́ńjìnnì. Ewé eépín tí a fi ń ha igbá ni mo fi ń ha ẹnu rẹ̀, ó sì ń mọ́ ju tọwọ́ ọkọ mi lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa fi epo sí ṣéènì, epo pupa ni mo dà sí i. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, eèrà ti tò sí i lára. Ọkọ mi ní, "Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè ni?" Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ fún odindi oṣù kan.

Kó tó jáde, èmi ni mo ń fi sípánà de gbogbo nọ́ọ̀tì le, àfi ọ̀kan. Ó wà lára irin pẹlẹbẹ tó ń gba ẹrẹ̀ lórí táyà ẹ̀yìn. Bó bá ti tú díẹ̀, irin náà á máa dún jan-jan-jan tẹ̀lé ìró ẹ́ńjìnnì. Ti ajíhìnrere kì í dún bẹ́ẹ̀. Òun ni mo fi ń dá ọkọ mi mọ̀ lókèèrè. Kó tó yọ, mo ti bomi, mo ti kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ní, "Kí ló ń dún lẹ́yìn yìí gan-an?" mo máa ń ní, "N ó wò ó." N kì í wò ó.

Nígbà òjò kan, Ọjọ́bọ̀ dé, n kò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo gbọ́ ọ: pù-pù-pù, jan-jan-jan. Mo bomi, mo sáré kúnlẹ̀, mo sì ti kí i pé "Ẹ kú àbọ̀, ẹ mà pẹ́ o" kí n tó gbójú sókè. Àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ra èkùrọ́, ló jókòó sórí ẹ̀rọ. Kò lè gba omi lọ́wọ́ mi. Ibà ló pa ọkọ mi ní Kuta, wọ́n sì ti sin ín láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. N kò rí ojú rẹ̀ mọ́.

Àbúrò rẹ̀ ló jogún ẹ̀rọ náà àti iṣẹ́ náà. Ìró yẹn kò yí padà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun, mo mọ̀ dáadáa. Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo bá ti gbọ́ jan-jan-jan lókèèrè títí tí ẹ̀rọ á fi yọ, ọkọ mi ló ń bọ̀. Ìwọ̀nba tó kù fún mi nìyẹn, mo sì ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ retí ẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Pù-pù-pù nìkan ni mo gbọ́. Mo ṣe bí ajíhìnrere ló ń kọjá, n kò gbójú sókè. Àfi bí àbúrò ọkọ mi ṣe dúró níwájú mi, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìyàwó, nọ́ọ̀tì kan ló ti tú lẹ́yìn ẹ̀rọ yìí tipẹ́. Mo ti dè é."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi." Mo wọlé, mo jókòó ti ìkòkò omi, mo sì sunkún ju ọjọ́ tí wọ́n sọ fún mi pé ó kú lọ.